Eré Ìrònú fún Ọ̀dọ́ Tó Ní Anorexia: Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀ ní Ìbàdàn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìtọ́jú Dókítà

Bí ọmọ bá ti kọ oúnjẹ nínú ilé, ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni gbogbo ilé máa ń sọ láti àárọ̀ di alẹ́. "Ṣé o ti jẹun?" "Kí ló dé tí o fi ṣẹ́ ẹ kù?" Ọmọ á di etí rẹ̀. Bí anorexia bá ló ń ṣe é, ẹ̀rù sísanra ti gbilẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ débi pé bó ti ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń rò pé òun ṣì tóbi jù. Ìyá á bẹ̀ ẹ́, bàbá á bú u, ọ̀rọ̀ kò ní wọlé.

Eré ìrònú tí mo fẹ́ tọ́ yín sọ́nà lé lórí jẹ́ àkókò kúkúrú láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ oúnjẹ, ìwọ̀n ara tàbí ẹwà. Ẹ ó jókòó ti ọmọ, ẹ ó jọ ṣe eré táábìlì, ẹ ó yàwòrán, ẹ ó to káàdì, lẹ́yìn náà ẹ ó jọ wo bó ṣe ronú nígbà tó ń ṣe é. Kate Tchanturia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College London àti ilé ìwòsàn Maudsley ló mú un wọ inú ìtọ́jú anorexia, láàárín ọdún 2000 sí 2010. Àwọn tí ọpọlọ wọn fara pa ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń lo irú rẹ̀ fún. Lára àwọn àgbà tó ní anorexia ni wọ́n ti dán an wò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni pé ó fún ọmọ tí kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́ ní ibi tó ti lè bá ènìyàn jókòó láìbẹ̀rù. Àmọ́ kò lè dípò oúnjẹ, kò sì lè dípò dókítà. Ẹni tó bá fi dípò wọn fi ẹ̀mí ọmọ wewu.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ilé ìwòsàn ló ṣáájú

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ eré kankan kí dókítà tó yẹ ọmọ náà wò. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń gbẹ ló ní anorexia. Ikọ́ ife, àtọ̀gbẹ, àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì, aràn, àti ìbànújẹ́ ọkàn lè mú ọmọ gbẹ. Ohun tó sì ń dun èmi jù ni àkókò tó ń ṣòfò. Ní Ìbàdàn níbí, ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ pè é ní ọgbẹ́ inú, wọ́n á ra oògùn ní kẹ́mísì. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á gbé ọmọ láti orí òkè àdúrà kan dé òmíràn. Ẹ máa gbàdúrà, àmọ́ ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Kò sì sí òótọ́ nínú pé àìsàn òyìnbó ni. Láti 1981 ni ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ ìròyìn nípa anorexia ní Nàìjíríà jáde. Àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú máa ń ní in.

Ibi tí ẹ lè lọ kò jìnnà. UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé, ó sì ní àwọn dókítà ọpọlọ tó ń tọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́. Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ ní 2011 fún ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà ti ń kọ́ṣẹ́. Bí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu ló sún mọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí UCH. Ẹ sọ fún dókítà láìfi nǹkan pamọ́: ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù, bóyá ó ń bì í jáde, bóyá ó ń lo oògùn ìyàgbẹ́, bóyá nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, bóyá ó ń sáré tàbí fò nínú yàrá ní òru. Ẹ béèrè pé kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀ àti nígbà tó dìde, kí wọ́n yẹ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù wò, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àwọn èròjà bíi potassium, phosphate àti magnesium, àti fún ṣúgà.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ìlùkìkì ọkàn nílé. Jẹ́ kí ọmọ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ìhà àtàǹpàkò, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí kò bá tó 50 lójú mọmọ, ilé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn gan-an. Bákan náà bó bá dákú, bí òòyì bá ń kọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tó bá dìde, bó bá lóṣòó tí kò lè dìde láìdi nǹkan mú, bí àyà bá ń dùn ún, bí kò bá mu omi mọ́, tàbí bó bá ní òun fẹ́ kú. Ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Ọmọ tí kò jẹ nǹkan kan tó nítumọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ má fi tipátipá kó oúnjẹ ńlá sí i nínú lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ayọ̀ pé ó gbà láti jẹun. Bí oúnjẹ bá wọlé lójijì sí ara tí ebi ti pa pẹ́, phosphate inú ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ gan-an, ọkàn lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Dókítà ló máa sọ bí ẹ ó ṣe máa fi kún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: oúnjẹ ni oògùn, òbí ló ń bù ú

Ìtọ́jú tí ìwádìí tì lẹ́yìn jù fún ọ̀dọ́ ni èyí tí òbí ti ń gba ọ̀rọ̀ oúnjẹ sí ìkáwọ́ fún ìgbà díẹ̀. Òbí ló ń pinnu ohun tí ọmọ máa jẹ, bó ṣe máa pọ̀ tó àti ìgbà tó máa jẹ ẹ́. Òbí á jókòó tì í pẹ̀lú sùúrù títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, láìbú u, láìdúnàádúrà. Bí ara bá ti ń padà bọ̀ sípò, wọ́n á máa dá ìpinnu yẹn padà fún un díẹ̀díẹ̀. Maudsley náà ni èyí ti bẹ̀rẹ̀, ìlànà ìtọ́jú tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017 sì fi irú ìtọ́jú ìdílé bẹ́ẹ̀ ṣíwájú fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí onímọ̀ nípa ọkàn (saikọ́lọ́jísìtì) tọ́ yín sọ́nà lórí rẹ̀.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ rò pé agídí lásán ni ọmọ náà ń ṣe. Ní 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tí ara wọn le kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ara wọn gbẹ, ọkàn wọn náà sì yí padà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gba orí wọn kan, wọ́n ń fi àkókò gígùn jẹ oúnjẹ kékeré, wọ́n ń ka ìwé oúnjẹ sísè, wọ́n ń bínú, wọn kò fẹ́ bá ènìyàn ṣeré mọ́. Kò sí ẹni tó ní anorexia nínú wọn. Ebi ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àlàyé gígùn kì í fi í wọlé lára ọmọ tí ebi ti mú ọpọlọ rẹ̀ le gbagidi.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ìwádìí kan jáde ní 2004 láti ilé ẹ̀kọ́ girama méjì ní Ghana, wọ́n yẹ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 668 wò. Mẹ́wàá nínú àwọn tó gbẹ ló jẹ́ pé ebi tí wọ́n fi pa ara wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n sanra, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ìkóra-ẹni-níjàánu ni gbogbo wọn sì fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Nítorí náà, bí ààwẹ̀ ọmọ yín bá ń gùn ju ti gbogbo ilé lọ, ẹ bá pásítọ̀ tàbí àáfà sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún un pé aláìsàn kì í gbààwẹ̀. Kùránì fúnra rẹ̀, nínú Súrà 2, yọ̀ǹda fún aláìsàn láti sún ààwẹ̀ Ramadan síwájú. Ọ̀rọ̀ yìí á wọ̀ ọ́ létí ju ti ìyá rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ràn án lọ́wọ́ lé lórí

Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́ ni pé ó ṣòro fún ọmọ náà láti kúrò lórí ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn. Ṣíbí kan náà, abọ́ kan náà, wákàtí kan náà; bí ẹnì kan bá gbé ṣíbí yẹn, ọjọ́ bàjẹ́. Ìkejì ni pé nǹkan bín-ín-tín ló ń rí, kì í rí odidi. Ó ń tún gbogbo nóòtì kọ nítorí lẹ́tà kan wọ́. Ó ka orí ìwé kan dáadáa, ó lè sọ ọjọ́ àti orúkọ inú rẹ̀, àmọ́ ẹ bi í pé kí ni orí náà ń sọ, kò rí i sọ. Àwọn olùkọ́ máa ń yìn ín fún èyí, "ọmọ tó mọ́ níwà, tó já fáfá." Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀dọ́ tó ní anorexia ló ní ìṣòro méjèèjì yìí. Ẹlòmíràn ní ọ̀kan, ẹlòmíràn kò ní rárá, pàápàá bí àìsàn náà kò bá tíì pẹ́. Ẹ wo ọmọ tiyín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹni tó máa ṣe é, àkókò, àti ibi tí ẹ ó ti ṣe é

Onímọ̀ nípa ọkàn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló dára jù. Bí kò bá sí, olùgbani-nímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́, tàbí àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tí ọmọ fẹ́ràn, lè ṣe é pẹ̀lú ìmọ̀ dókítà. Èrò tèmi ni pé kí ìyá tó ń bu oúnjẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹni tí kò sí lórí táábìlì oúnjẹ.

Ìpàdé mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni àṣà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ẹ lo ìwé eléwé funfun, bírò aláwọ̀ oríṣiríṣi, káàdì Whot, àti ọpọ́n ayò. Kò sí máàkì, kò sí aago tí ẹ fi ń díwọ̀n, kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó yára. Ọmọ yìí ti ń fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ gba máàkì. Ẹ jọ ṣe é ni, kí ẹ̀yin náà ṣì í níwájú rẹ̀, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ yọ oúnjẹ kúrò nínú gbogbo ohun èlò. Èyí le ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí Ìjàpá wa, oúnjẹ ló ń bá kiri nínú ọ̀pọ̀ àlọ́. Kódà nínú àlọ́ bí Ìjàpá ṣe tan Erin wọ ìlú láti wá jọba, àkàrà olóyin ló wà níbẹ̀. Ẹ mú èyí tí Ìjàpá ti kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèǹgbè, tó gbé e kọ́ sí àyà, tó sì fẹ́ gun igi, tí kò ṣeé ṣe, títí ẹni tó ń kọjá lọ fi ní kó gbé e sẹ́yìn. Ìyẹn wúlò gan-an fún ọmọ tó ti gbé nǹkan kan kọ́ àyà tí kò fẹ́ gbé e sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn eré náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Ẹ yí ẹ̀yìn sí ara yín. Ọmọ di àwòrán kan mú: onígun mẹ́rin, róbótó inú rẹ̀, ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Ó ń júwe, ẹ̀yin ń yà á láìrí i. Lẹ́yìn náà ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọmọ tó ń rí bín-ín-tín á ti bẹ̀rẹ̀ láti igun apá òsì, "ìlà kan wà, ó gùn tó ìka mẹ́ta", ẹni tó ń yà á kò sì ní mọ ohun tó ń yà. Ẹ tún un ṣe, kí ó kọ́kọ́ fi gbólóhùn kan sọ ohun tí gbogbo rẹ̀ jọ. Nígbà tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn jáde. Onírúurú àpótí kéékèèké ló wà lára rẹ̀, òpó gbọ̀ngàn Mápó wà láàárín wọn. Kò sí aṣọ tó dára tó o fún eré yìí. Ẹ fi han ọmọ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ká a, kí ó sọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà, kí ó sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ó tún wò ó. Kí ló rí ní òkèèrè tí kò rí nítòsí?

Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀nà. Ẹ ní kí ọmọ ya ọ̀nà láti Bódìjà dé Mápó sórí ìwé, kí ó sì fi gbólóhùn mẹ́ta péré ṣàlàyé rẹ̀ fún àjòjì tó fẹ́ wọ takisí Micra. Bó bá gba Sẹkitéríátì àti Agodi Géètì já sí Bẹẹrẹ, ó dára. Nísinsìnyí, ẹ sọ pé wọ́n ti dí Géètì pa. Kí ó wá ọ̀nà mìíràn, bóyá kó gba Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀. Ọmọ tó ń gbé Ìbàdàn mọ̀ pé kò sí ibi tí ọ̀nà méjì kò dé nílùú yìí, ohun tó mọ̀ yẹn lẹ ó lò.

Káàdì Whot wà fún yíyí ọkàn padà. Kí ó to káàdì gẹ́gẹ́ bí àwòrán wọn, róbótó lọ́tọ̀, ìràwọ̀ lọ́tọ̀. Láàárín méjì, ẹ pàtẹ́wọ́: ó di nọ́ńbà. Ẹ tún pàtẹ́wọ́: ó padà sí àwòrán. Ẹ tún lè kọ "pupa" pẹ̀lú bírò búlúù, "dúdú" pẹ̀lú bírò pupa, "búlúù" pẹ̀lú bírò dúdú, kí wọ́n pọ̀ lójú ìwé kan. Kí ó ka ọ̀rọ̀, bí ẹ bá pàtẹ́wọ́, kí ó dárúkọ àwọ̀ bírò. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣì í, títí kan ẹ̀yin. Fún ọmọ tó fẹ́ràn èdè, ẹ kọ "ogun" láìfi àmì ohùn sí i, kí ó fi gbólóhùn hàn bó ṣe lè jẹ́ ìjà, ogún tí bàbá fi sílẹ̀, òrìṣà Ògún, tàbí odò Ògùn.

Fún rírí odidi, ẹ ka ìròyìn kan láti inú ìwé ìròyìn, kí ó sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, lẹ́yìn náà ní gbólóhùn kan bí ẹni tó ń ka kókó ìròyìn lórí rédíò. Ayò wà fún gbogbo rẹ̀ pọ̀: ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ihò kan ṣoṣo kò ní rí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.

Eré fúnra rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni. Bí ẹ bá parí eré kan, ẹ dá dúró, kí ẹ béèrè pé: báwo lo ṣe ṣe é? Kí ló rọrùn, kí ló le? Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Níbo lo tún ti ń ronú báyìí nígbèésí ayé rẹ? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ fún ní àkókò jù. Ó lè lọ báyìí:

"Àǹtí, mo rí i pé mi ò lè bọ́ sí nọ́ńbà kíákíá. Àwòrán ṣì wà lórí mi."
"Èmi náà rí i. Ṣé ó máa ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn?"
"Bóyá nílé ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ bá ní ká fi mátíìsì sílẹ̀ kí n tó parí, mi ò ní gbọ́ ohun tó kàn mọ́."
"Kí ni o máa ń ṣe nígbà náà?"

Ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ronú. Ẹ má sọ pé, "O rí i, bó o ṣe ń ṣe sí oúnjẹ náà nìyẹn." Bí ẹ bá sọ ọ́, ilẹ̀kùn ti padé. Bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló mẹ́nu kàn án, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sọ fún un pé dókítà rẹ̀ á fẹ́ gbọ́ èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí eré wọ inú ayé

Láti bí ìpàdé kẹrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní iṣẹ́ kékeré kan láti ṣe nílé, kí òun fúnra rẹ̀ yàn án. Kí ó jókòó síbòmíràn nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lórí bẹ́ǹṣì kíláàsì. Kí ó we gèlè tàbí di irun lọ́nà mìíràn. Kí ó gba àdúgbò mìíràn dé ilé ẹ̀kọ́. Kí ó fi ọwọ́ òsì fọ eyín. Kí ó fi lẹ́tà kan tó wọ́ sílẹ̀ nínú nóòtì láìtún un kọ, kó sì wo bí ara rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn wákàtí kan. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí máa ń le jù. Bí kò bá ṣe é, kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹ jọ wo ohun tó dí i lọ́wọ́. Ẹ má fi ìyípadà oúnjẹ sí i àyàfi bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ní àkókò ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré sísá àti ìdíje ilé ẹ̀kọ́: dókítà ló máa sọ ìgbà tó lè padà sí i.

Ohun tí ẹ lè retí

Nínú ìwádìí tí wọ́n ti ṣe, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fẹ́ràn eré yìí, tí wọ́n sì ń dúró títí dé òpin. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún àìsàn tí aláìsàn máa ń sá fún ìtọ́jú. Bó ṣe ń mú kí ìrònú rọ̀ yàtọ̀ láti ìwádìí kan sí òmíràn. Pé òun nìkan mú ọmọ sanra, kò tíì sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi bí ọmọ ṣe ń ta ayò mọ̀ bóyá ó ń sàn. Ìwọ̀n ara ní ilé ìwòsàn, ìlùkìkì ọkàn, ìfúnpá àti nǹkan oṣù ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ dá eré dúró bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, tàbí bó bá ti sọ ọ́ di ìdánwò, tó ń fi òru ṣe ìdánrawò nítorí kó má baà ṣì í. Ẹ pe dókítà. Bí ara rẹ̀ bá tún dúró, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù.

Ní ìpàdé tó kẹ́yìn, ẹ kọ lẹ́tà sí ara yín. Ẹ̀yin kọ ohun tí ẹ rí nípa bó ṣe ń ronú, àti ohun tí ẹ̀yin náà kọ́ nípa ara yín. Òun kọ tirẹ̀. Ẹ kà á sí ara yín létí. Bí ọmọ bá gbà, ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì, kí ẹ kó wọn pọ̀ mọ́ ìwé eré náà, kí ẹ mú wọn lọ fún onímọ̀ nípa ọkàn ní ọjọ́ àdéhùn tó kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìjíròrò nípa oúnjẹ àti ẹ̀rù sísanra ti máa bẹ̀rẹ̀.